Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ṣeé Gbọ́ Sétí: Ayaba Wákà, Olóhùn Índíà àti Àwọn Ọkọ Wọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé òkèlè sílẹ̀ ná, kó má baà há a lọ́fun. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé yìí, Ọjà'ba ní Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ Mápó kọjá, ó dé Bẹẹrẹ, ó wọ Bẹyẹrúnkà, kò sì síbi tó dé tí wọn ò ti pa òṣé. Òṣé ni wọ́n ń pa o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde kúrò ńbẹ̀. Èmi náà ò dìde. Ta ni yóò dìde?

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin olórin ni. Ẹ má tíì ya ẹnu. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti Índíà bọ̀, nítorí wọ́n ti tàn wá jẹ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tàn wá.

Ta ló dàgbà ní Ìbàdàn tí yóò ní òun ò wo fíìmù Índíà rí? Kó tó di pé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé gbogbo, sinimá là ń lọ, Scala lónìí, Odeon lọ́la. Arẹwà obìnrin á yọ láàárín òdòdó, á máa sá yí igi po, ọkùnrin á máa lé e, orin á máa dún. A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wọn, síbẹ̀ àwọn ọmọ Bẹẹrẹ á ti kọ́ orin náà lákọ́sórí kí wọ́n tó délé. Àwọn ìyá á máa fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn nu ojú. Wọ́n á ní, "Obìnrin yìí lẹ́wà, ohùn ẹ̀ tún dùn! Áà, Ọlọ́run mà ṣe é fún un o!"

Irọ́! Irọ́ gbuu! Obìnrin yẹn ò kọ orin kankan. Ẹnu lásán ló ń là. Ohùn tí à ń gbọ́ tí à ń sunkún sí, ohùn obìnrin mìíràn ni, ẹni tó ti wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, tó dúró síwájú maikirofóònù pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tó kọrin tán, tó gba owó ẹ̀, tó sì ti relé lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fíìmù, wọ́n á fi orin náà sínú ẹ̀rọ, á máa bú jáde, arẹwà á máa la ẹnu tẹ̀lé e bí ẹni pé láti ọ̀fun ẹ̀ ló ti ń wá. Láti 1935 ni wọ́n ti ń ṣe é, láti ìgbà tí Nitin Bose ti ṣe fíìmù Dhoop Chhaon. Láti 1935! Gbogbo omijé tí ìran ìyá wa sun ní Scala, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n sun ún fún.

Mo wá ní, ó dáa, ta ló ni ohùn? Ìbéèrè tí mi ò bá má bèèrè nìyẹn. Nígbà tí mo gbọ́ ìdáhùn, mo di etí kan. Èkejì ni mo fi gbọ́ ìyókù.

Ọmọ ìyá méjì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ohùn obìnrin tí a gbọ́ láyé ìgbà yẹn: Lata Mangeshkar, tí wọ́n bí ní 1929, àti Asha àbúrò ẹ̀, tí wọ́n bí ní 1933. Bàbá wọn, Dinanath, eléré orí ìtàgé ni. Ó kú ní 1942, orin ni àwọn ọmọ sì fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Lata kò lọ́kọ títí tó fi kú ní 2022. Aṣọ funfun, ohùn tútù, àdúrà. Kò sóhun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀. Ẹni tí ò ṣe nǹkan, kí lèèyàn fẹ́ sọ? Àbúrò ni kẹ́ ẹ bi mí.

Ọmọ ọdún 16 ni Asha tó tẹ̀lé ọkùnrin sá lọ. Ọmọ ọdún 16! Ta wá ni ọkùnrin ọ̀hún? Ganpatrao Bhosle, ẹni ọdún 31, akọ̀wé Lata! Ẹ jẹ́ n tún un sọ fún ẹni tó ń gbọ́únjẹ lórí iná: akọ̀wé ẹ̀gbọ́n ẹ̀! Ẹni tí ẹ̀gbọ́n ń sanwó fún pé kó máa bójú tó iṣẹ́ òun, àbúrò ló lọ bójú tó. Ilé kọ̀, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n kọ̀, ó lọ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1960, àwọn àna ti fojú ẹ̀ rí màbo, ó ti padà sílé ìyá ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́wọ́ àti oyún ẹ̀kẹta nínú. Àwọn ìyá wa ní Ọjà'ba á ní "a wí, o ò gbọ́," wọ́n á sì ti máa gbé omi gbóná kalẹ̀ fún un.

Ṣé ẹ rò pé ó wá jókòó? Ẹ ò tíì mọ Asha. O. P. Nayyar ló kàn, ọkùnrin tó ń ṣe orin sí fíìmù, aláya, ọlọ́mọ. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ́dún púpọ̀, iṣẹ́ náà sì kọjá iṣẹ́, gbogbo Bombay ló ń sọ ọ́. Ọkùnrin yẹn ò fi iṣẹ́ kankan ran Lata rárá. Ti àbúrò ló gbà á lọ́kàn. Ìgbà tó di nǹkan bí 1972, wọ́n pínyà, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ sì wá gbọ́ irú orin tó ń kọ! Ní 1971, fíìmù kan jáde tí wọ́n ń pè ní Caravan. Helen ló jó níbẹ̀, nínú aṣọ tí mo wò títí tí mi ò rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àtibi tó parí sí. Ijó yẹn ṣeé fara dà. Orin ni ò ṣeé fara dà. Ohùn Asha ni, ó sì ń mí! Ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ láàárín orin, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀, irú èémí tí àwọn tọkọtaya ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó mí, ó mí in sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ayé ń fowó rà á. Mo ní kí wọ́n bá mi tún un gbé sí i, kí n lè mọ ibi tí mo ti máa dá a lẹ́bi. Lọ́dún yẹn kan náà, fíìmù Hare Rama Hare Krishna dé. Zeenat Aman ló la ẹnu, Asha ló lohùn, àwọn ọmọge àti ọmọkùnrin onírun gígùn sì jókòó kalẹ̀, wọ́n ń fa igbó! Igbó, ẹ̀yin ìyàwó ilé! Rédíò ìjọba Índíà ní àwọn ò ní gbé irú orin bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn Filmfare ńkọ́? Wọ́n fún orin onímímí ní ẹ̀bùn, ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún orin onígbòó náà. Ibi tí ayé ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Ọkùnrin tó ṣe orin onímímí àti orin onígbòó, ẹnì kan náà ni, R. D. Burman. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni Asha fi jù ú lọ. Ní 1980, ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ní mímí! Àwọn kan nínú wa ní ó kúkú yẹ, pé ìgbéyàwó tó bá ìwà mu nìyẹn. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ ilé wọn.

Ẹ̀yin ẹ wá ní, kí ló kan Ọjà'ba nínú ọ̀rọ̀ Bombay? Ó kàn án púpọ̀. Ìbàdàn ti fẹ́ràn nǹkan Índíà tipẹ́. Adégòkè Adélabú, olóṣèlú wa tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀ǹkẹ́lẹ́mẹ̀ẹ́sì, ẹni tó kú sínú ìjàǹbá mọ́tò ní 1958, kí ló pe ilé ẹ̀ ní Òkè-Olúọkùn? Taj Mahal! Ibojì tí ọba Índíà kọ́ fún ìyàwó kan ṣoṣo ni Taj Mahal o, ọkùnrin tí ìyàwó kún ilé ẹ̀ ló sì fi orúkọ náà sọ ilé. Mi ò sọ nǹkan kan. Òkú ọ̀run ni, ọmọ wa sì ni.

Nígbà tó wá di 1984, ọ̀rọ̀ Índíà bọ́ sẹ́nu tiwa gan-an. Wọ́n ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan sí níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù olórin, àkọlé ẹ̀ sì ni Indian Waka. Wákà! Orin tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ń kọ níbi ìsọmọlórúkọ àti nígbà tí alhaji bá ti Mẹ́kà dé, òun ni wọ́n lọ fún lórúkọ Índíà. Ta ló dá a láṣà? Sàláwà Àbẹ̀ní ni.

Ẹ jẹ́ ká fún ẹni ẹ̀tọ́ ní ẹ̀tọ́ ẹ̀. Bàtílì Àlàkẹ́, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ló kọ́kọ́ gbé wákà wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàláwà dé, ilẹ̀ mì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, wọ́n bí i ní oṣù karùn-ún 1961. Ní oṣù kejì 1976, wọ́n pa Murtala Muhammed. Kí ọdún yẹn tó parí, ọmọbìnrin náà ti gbé orin ẹ̀dùn sórí ikú ọ̀gágun, rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ ti ṣe ìṣirò? Ọmọ ọdún 15 tàbí kó má tíì pé! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ti ilé kéú bọ̀ pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, òun ń kọrin arò fún olórí orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn tà ju mílíọ̀nù kan lọ, pé obìnrin kankan ò tíì tà tó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1977, ó tún gbé òmíràn jáde fún Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976. Ha! Ìbàdàn gbé e gẹ̀gẹ̀. Láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnkà, ọmọ wa ni, ọmọ wa ni. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ "ọmọ wa" yìí, nítorí ó máa tó yí padà lẹ́nu wa.

Ilé iṣẹ́ Leader ló ń gbé orin ẹ̀ jáde, Alhaji Lateef Adépọ̀jù ló sì ni Leader. Ọ̀gá iṣẹ́ ni. Àfi bí ọ̀gá ṣe di ọkọ! Ẹni tó ń ka owó rẹ́kọ́ọ̀dù lójú ọ̀sán náà ni ẹni tí à ń gbé oúnjẹ fún lálẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Tí owó ọwọ́ bá kù díẹ̀ káàtó, ta ni obìnrin yóò fẹjọ́ ọ̀gá sùn? Ọkọ ni? Àwọn ìyá wa gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n ní, ó ṣáà ti wà nílé ọkọ. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

1986 ni ọ̀rọ̀ fọ́.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi yé yín bí ìlú ṣe rí lásìkò náà. Àwọn olórin fújì méjì ló ń jà. Síkírù Àyìndé Barrister lápá kan, Kollington Àyìnlá lápá kejì. Àwọn méjèèjì ti ṣe sójà rí, wọ́n sì fi ojú sójà ja ìjà orin: èyí gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí tọ̀hún, kí oṣù tó yí po, tọ̀hún ti fèsì. Ìdílé kan náà lè pín sí méjì lórí ẹ̀, kí bàbá má bá ọmọ jẹun. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni Barrister. Ṣé ó wá yẹ kí n sọ ẹni tí Ọjà'ba wà lẹ́yìn ẹ̀? Ọmọ Ìlọ́tà ní ilẹ̀ Kwara ni Kollington. Kò ṣe wá ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa.

Ní 1986 yìí ni Sàláwà kúrò nílé Adépọ̀jù. Ó kúrò ní Leader. Ó sì bọ́ sílé ta ni? Kollington! Ó fẹ́ Kollington, ó sì gbé ohùn ẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Kollington. Yéè! Ẹ gbà mí! Ó kó ẹrù, ó kó orin, ó kó wákà látòkè délẹ̀! Ọkọ pàdánù ìyàwó, ọ̀gá iṣẹ́ pàdánù ẹni tó ń mówó wọlé, ẹnì kan náà ló sì pàdánù méjèèjì lọ́jọ́ kan. Ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Mápó lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin gbé igbá kalẹ̀, wọn ò ra, wọn ò tà. "Ọmọ wa" ti di "ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn." Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ẹnu ṣe ń yára.

Ohun tó wá bà wá nínú jẹ́ jù lọ, tó sì dùn mọ́ wa jù, ni àkọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé ìròyìn la fi ń mọ ohun tó ń lọ nílé olórin. Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ni! Àwọn kan wà ní Bẹẹrẹ tí wọn ò ka ju ìwé kẹta lọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kà débi pé wọn ò nílò alágbàsọ. Ní 1981, Sàláwà ti gbé Ìjà Ò Dára jáde. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ́n, ìjà ti wà nílé." Ọdún yẹn kan náà, Ìkìlọ̀. "Ó ń kìlọ̀ fún ọkọ!" Ó lè jẹ́ olólùfẹ́ ẹ̀ kan tí kò sanwó òde ló ń kìlọ̀ fún, wọn ò fẹ́ gbọ́. Nígbà tó wá di 1986, ọdún tí mo ń sọ yìí gan-an, rẹ́kọ́ọ̀dù kan dé tí àkọlé ẹ̀ jẹ́ Ìfẹ́ Dára Púpọ̀.

Ìfẹ́! Dára! Púpọ̀! Lọ́dún tó kúrò nílé ọkọ kan bọ́ sílé òmíràn! Ṣé kò lè sọ pé òwò dára? Ṣé kò lè sọ pé sùúrù dára? Ìyá kan ra rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ó gbé e sábẹ́ ìborùn bí ẹni jí ẹran, ó ní òun fẹ́ lọ fi han àwọn ọmọ òun obìnrin kí wọ́n lè rí ohun tí kò dára. Ó gbé e sí láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun ìṣáì. Àwọn ará ilé ẹ̀ jó.

Ẹ gbọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ìbàdàn ò lẹ́nu láti bá ẹlòmíràn wí nítorí ọdún Òkè'bàdàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rò ó. Ní tòótọ́, lóṣù kẹta ọdún, tí ọjọ́ Òkè'bàdàn bá pé, iná ò gbọdọ̀ jó nínú ilé, ọjà á tì, Abòkè, àwòrò òkè náà, á jáde, àwọn bàbá àti ìyá ọlọ́jọ́ lórí á sì máa to lọ láàárín ìgboro, wọ́n á máa fi orin ka gbogbo ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ọkùnrin àti obìnrin, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfi bò. Ìyá tí kò lè dárúkọ ìdí lójú ọkọ á dárúkọ ẹ̀ lójú gbogbo Bẹẹrẹ, á sì júwe bó ṣe tóbi tó. Ìyẹn yàtọ̀. Ìyẹn, ìṣẹ̀ṣe ni. Ọjọ́ kan lọ́dún ni, a kì í sì í gbé e sí rẹ́kọ́ọ̀dù.

Wọ́n ní ilé tó kó lọ yìí ò ní tọ́jọ́. Ó tọ́jọ́ díẹ̀ o. Orin ń jáde, òde ń lọ, ọmọ ń bọ̀. Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí pè é sí Ọ̀yọ́, ó sì fi í jẹ Ayaba Orin Wákà. Ayaba! Ní ààfin tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣẹ́jú, olorì ló máa rí! Àwọn alákòóbá ẹnu kan ní Bẹyẹrúnkà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ṣé ayaba orin ni àbí ayaba tààrà. Mo ní kí wọ́n fẹnu mọ́nu. Orin ni, orin nìkan ṣoṣo ni, mo sì ti wádìí ẹ̀ dáadáa kí n tó bá wọn wí.

1994, ó kúrò nílé Kollington. Kí la ń sọ fún yín? Ó kó ẹrù, ó kó ohùn ẹ̀. Ẹ má ro nǹkan mìíràn o, ẹ lọ wo páálí. Ní 1994, Waka Carnival: ó ń ṣe àríyá! Ní 1995, Beware! Ẹ ṣọ́ra! Ẹ ṣọ́ra fún ta ni? Gbogbo Ọjà'ba ló mọ̀, tàbí kí n ní gbogbo Ọjà'ba ló ní òun mọ̀. Wọ́n fẹ́ orúkọ, wọ́n tẹ́tí sí ojú kìíní, wọn ò gbọ́ orúkọ. Wọ́n yí i sí ojú kejì, wọn ò gbọ́ orúkọ. Inú bí wọn gan-an. Obìnrin tó ń kìlọ̀ tí kò dárúkọ, ìwà wo nìyẹn? Nígbà tó sì tún yá, àwọn fújì méjèèjì tí a tìtorí wọn ya ilé wa sí méjì parí ìjà láàárín ara wọn, Kollington sì ṣọ̀fọ̀ Barrister nígbà tó kú ní 2010. Wọn ò fi tó wa létí kí wọ́n tó parí ẹ̀. Àwọn ìdílé kan wà tí wọn ò tíì padà bára wọn jẹun títí dòní.

Mo ti ní n dánu dúró níbi yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ṣì ku fọ́tò.

Oṣù kẹrin 2020 ni. Kòrónà ti sé ayé mọ́lé, àwọn èèyàn ò rí nǹkan ṣe, ọwọ́ wọn dilẹ̀, ẹnu wọn sì dilẹ̀. Àfi bí Sàláwà ṣe bọ́ sórí Instagram, tó ní ẹnì kan ń dẹ́rù ba òun. Ẹni yẹn rí fọ́tò àtijọ́ kan, fọ́tò tí aṣọ ò sí lára! Ó ní kó fowó ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á tú u fáyé rí. Obìnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún! Ìyá àwọn èèyàn! Ayaba! Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ṣé ó sunkún? Ṣé ó yáwó? Ṣé ó wá alágbàwí? Ó gbé fọ́tò náà síta fúnra ẹ̀! Ó ní tó bá jẹ́ ìyẹn ni, ẹ wò ó. Ó gbé e ka iwájú gbogbo ayé, kò san kọ́bọ̀.

Ní Bẹẹrẹ, fóònù ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìyá kan tó ti lọ Mẹ́kà ní òun ò lè fi ojú tí òun fi rí Kaaba wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó gba fóònù náà, ó bọ awò sójú, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó ní òun kàn fẹ́ rí i dájú pé òun ò lè wò ó. Ó pẹ́ kó tó dá a lójú.

Ọlọ́pàá Èkó mú ẹni tó ń dẹ́rù bà á. Ẹ gbọ́ ẹni tó jẹ́: ọmọ ilé-ìwé! Ọmọdékùnrin tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tí ìyá yẹn bá ń kọjá, òun ló jókòó síbì kan tó ń bu iye tí ìyá máa san fún ìhòòhò ìyá! Àwọn ìyá wa ṣépè títí tí ẹnu fi bó. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò pé ọjọ́ mélòó kan, "ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn" ti tún di "ọmọ wa." Wọ́n ní ó gbọ́n. Wọ́n ní akin ni. Èmi ò bá wọn wí o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tó dùn mí. Tí ẹni tí a fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ lábẹ́lẹ̀ bá ti jáde wá sọ ọ́ fúnra ẹ̀ lójú ọjà, kí ló kù tí àwa máa sọ? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọlàkejì nìyẹn? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìbá fi lé wa lẹ́nu, ọjọ́ kan péré ló fi gbà á.

Inú mi ò dùn. Mo wá rò ó pé kí n má fi ti obìnrin nìkan ṣe é, kí wọ́n má baà ní mo ń rẹ́ ẹ̀yà mi jẹ. Mo gbé ọ̀rọ̀ Kishore Kumar lọ bá àwọn bàbá tó ń ta ayò ní Bẹyẹrúnkà. Ọkùnrin olóhùn ni ti Índíà, òun ló ń kọrin tí àwọn òṣèré ọkùnrin ń la ẹnu sí. Mo ní, ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ ti ẹni yìí. Mo sọ fún wọn bó ṣe wọṣọ obìnrin nínú fíìmù kan ní 1962, Half Ticket, tó fi ohùn ọkùnrin àti ohùn obìnrin kọ orin kan ṣoṣo nítorí Lata ò sí nítòsí. Wọ́n ní, "Ọlọgbọ́n." Mo sọ bí ìjọba ṣe fòfin de orin ẹ̀ lórí rédíò ní 1976 nítorí ó kọ̀ láti kọrin fún ẹgbẹ́ Indira Gandhi. Wọ́n ní, "Ọkùnrin."

Mo wá mú èyí tó burú jù jáde. Mo ní, ìyàwó mẹ́rin ló fẹ́! Èkínní, Ruma, wọ́n kọ ara wọn ní 1958. Èkejì, Madhubala, arẹwà tó lẹ́wà jù nínú fíìmù wọn, Mùsùlùmí ni, Kishore kì í ṣe Mùsùlùmí, ihò sì wà nínú ọkàn ìyàwó látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ní 1960, ìyàwó náà sì kú ní 1969. Ẹ̀kẹta, Yogita Bali, kò pẹ́ níbẹ̀, ó bọ́ sílé Mithun Chakraborty, òṣèré tí Kishore alára ń kọrin fún! Kishore bínú, ó kó ohùn ẹ̀ kúrò lẹ́nu Mithun, ó ní kó lọ wá ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin ńkọ́? Leena Chandavarkar, opó, ní 1980. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Kishore àgbà, Amit, 1952 ni wọ́n bí i. Wọ́n bí Leena ní 1950. Ọdún méjì péré ni ìyàwó bàbá fi ju ọmọ lọ! Ọdún méjì! Mo pàtẹ́wọ́, mo dúró kí wọ́n ké.

Àgbà kan ju ọmọ ayò sílẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló kó wọn jọ?"

Mo ní rárá o, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ó ní, "Ọ̀kọ̀ọ̀kan? Háà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ mà ni!" Ó sì gbá ayò.